Iṣẹ́ Tí Kì Í Parí Lóṣù Keje

Orúnkún Àìṣát méjèèjì ti kan kápẹ́ẹ̀tì kí ó tó rántí pé ìntáfíù ni òun wá ṣe.

Ohun tó gbé e délẹ̀ kò ju ojú kan ṣoṣo lọ. Bí ó ti ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó rí ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó rí obìnrin òyìnbó kan tó gbé kọ̀ǹpútà síwájú, lẹ́yìn náà ni ó rí ẹni kẹta, tó wé ìbòrí aláwọ̀ ewé, tó gbé báàgì lé itan bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àlàájà Àsúmáù ni. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Ogún ọdún rèé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó sórí ẹní kan náà ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Ara Àìṣát mọ ohun tó yẹ kí ara ṣe níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì dúró gba àṣẹ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ó wí láti ilẹ̀.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde, dìde. Wọ́n ń wò wá."

Ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, Ọ̀gbẹ́ni Jabez, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́, na ọrùn wo abẹ́ tábìlì. "Ṣé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ yín ni?" ni ó béèrè lédè òyìnbó.

"Rárá o. Mo kí wọn ni."

Àjọ kan tó ń bójú tó ilé àwọn ayálégbé, láti Stockwell títí dé Peckham ní ìlú òyìnbó, ló ń wá òṣìṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ń wá ni yóò máa wọ ilé tí ọ̀rinrin ti mú, tí ògiri rẹ̀ ti ń bu, tó ń dúdú, tí yóò sì sọ ohun tó fà á àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Òfin àjọ náà ni pé wọn kì í mú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé jókòó pẹ̀lú wọn, kí òun náà fún un ní máàkì. Kò sẹ́ni tó sọ fún Àìṣát pé Àlàájà Àsúmáù ni ayálégbé ọ̀hún máa jẹ́. Àlàájà náà kò sì mọ̀ pé Àìṣát ló ń bọ̀, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù, wọn ò kọ orúkọ.

Àlàájà fi ọwọ́ tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gbẹ́ni Jabez," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má baà di ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Mo mọ ọmọ yìí. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan ni. Mi ò lè fún un ní máàkì."

Ọ̀gbẹ́ni Jabez dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jókòó, pé ó ṣì lè béèrè ìbéèrè ayálégbé, ṣùgbọ́n kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àlàájà ti bébà tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dé bírò.

Bí ẹnì kan bá wà nínú yàrá yẹn tí ì bá fojú àánú wo Àìṣát, ẹni náà rèé tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti bébà nù. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wá síbí.

Ọdún mẹ́rin ni Àìṣát fi kàwé kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé, lórí bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ṣe ń rìn nínú ilé bíríkì àtijọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, yunifásítì kan gbà á fún oṣù mẹ́sàn-án. Òmíràn gbà á fún mẹ́wàá. Ìkẹta tún fún un ní mẹ́sàn-án. Gbogbo àdéhùn wọ̀nyí ló máa ń parí ní ìparí oṣù Keje, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ, oṣù Kẹjọ á sì la ẹnu sílẹ̀ dè é. Ó ti wá iṣẹ́ tí kò ní òǹkà oṣù títí ó fi sú u. Ní ibì kan, wọ́n kọ̀wé sí i pé èèyàn tó lé ní igba, tí gbogbo wọn gboyè kan náà, ló béèrè fún àga kan ṣoṣo náà. Láti ọjọ́ náà ni Àìṣát ti máa ń rí wọn lójú ọkàn rẹ̀, igba ọ̀mọ̀wé lórí ìlà kan, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lábẹ́ apá, bí àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní àdúgbò, òjò sì ń pa wọ́n.

Olúwaṣèyí tí wọ́n jọ gboyè ti jáde kúrò lórí ìlà yẹn. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló wà báyìí, aago márùn-ún ló ń relé. Òun ló fi ìpolówó iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí i. "Ṣùgbọ́n yọ oyè yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù o," ni ó wí. "Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní o máa sá lọ." Àìṣát yọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dá a padà. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe àbàwọ́n tí èèyàn ń fọ̀ kúrò lára aṣọ.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Báwo ló ṣe máa sọ? Purọfẹ́sọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pè é níwájú gbogbo àsàlátù. "Ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn òyìnbó níwèé." Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló sì kọ́ ọ pé ohun tí ọwọ́ kò bá tíì tẹ̀, ẹnu kì í sọ ọ́. Àìṣát di ẹ̀kọ́ ìyá mú, ó sì fi tan ìyá.

Ọ̀gbẹ́ni Jabez ṣí fáìlì. "Ọ̀mọ̀wé ni yín," ni ó wí. "Iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àwọn èèyàn ni ẹ máa máa wò. Ẹ máa máa gun àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá bàjẹ́, ó sì máa ń bàjẹ́. Kí ló máa dá yín dúró lọ́dọ̀ wa? Bí yunifásítì bá pè yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé ẹ ò ní sọ kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì kí ẹ máa lọ?"

Àìṣát ti há ìdáhùn kan sórí fún ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn dídán ni, ó ti sọ ọ́ níwájú dígí ní ìgbà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n Àlàájà Àsúmáù ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹni tó ká a mọ́ ilé ìwẹ̀ mọ́sáláṣí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń mu omi nínú ààwẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe ń dán ọ̀rọ̀ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi wo ògiri," ni ó wí. "Ògiri yàrá àyẹ̀wò ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀, kò sọ́mọ tó ń wúkọ́ níbẹ̀. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, bóyá èèyàn mọ́kànlá ló kà á. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n wo ògiri kan kó sì gbẹ. Ó wù mí kí n bẹ̀rẹ̀ nǹkan lóṣù Kẹfà, kí n ṣì wà níbẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án láti rí ibi tó yọrí sí. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà gbé ojú sókè wò ó.

"Ó kan ìbéèrè ayálégbé," ni Ọ̀gbẹ́ni Jabez wí.

Àlàájà sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, òyìnbó rẹ̀ ṣe kedere. "Yàrá mi. Ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti dúdú. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ti rán wá. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ṣí fèrèsé. Nínú oṣù Kìíní! Ẹnì kejì ní kí n dín ọbẹ̀ sísè kù. Ẹnì kẹta wo ẹrù mi, ó ní kí n kó o dànù. Ìwọ tó jẹ́ ẹnì kẹrin, kí lo máa wí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú ẹrù wo ni?"

"Ẹrù ilé ni."

Ọ̀gbẹ́ni Jabez wo ẹni yìí, ó wo ẹni yẹn. Kò yé e. Àìṣát ni ó yé. Kò sí ilé ọmọ Nàìjíríà tó mọ̀ ní Peckham tí kò ní igun kan fún ẹrù ilé: àpò onílà ńláńlá tí wọ́n kún fún àwo, kọ́tìnì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, bàtà àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tó ń dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun máa gbé e lọ. Kí ènìyàn ní kí wọ́n kó o dànù, bí ìgbà tó ní kí wọ́n kó ìrètí ilé dànù ni.

"Ṣé wọ́n kan ògiri mà?"

"Wọ́n kan ògiri, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà."

Àìṣát rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé òun máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ má kó nǹkan kan dànù," ni ó wí. "Ògiri ìta ni ògiri yẹn, ó tutù. Àpò wọ̀nyẹn kò jẹ́ kí ooru ilé dé ara rẹ̀, èéfín omi gbígbóná láti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná sì ń lọ fara pamọ́ sẹ́yìn wọn, ó ń di omi. Ẹ fà wọ́n kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ fi pákó sábẹ́ wọn. Ìdajì tiyín nìyẹn. Ìdajì tó kù, ti àjọ ni." Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Jabez. "Màá wọn fáànù ilé ìwẹ̀ bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́ lóòótọ́, torí púpọ̀ nínú wọn, ariwo lásán ni. Màá tún bọ́ síta wo ọ̀nà omi orí òrùlé. Bí omi bá ń gba ìta wọlé, kí la fẹ́ fi ọbẹ̀ Àlàájà ṣẹjọ́ fún?"

Ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Jabez yẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó tún rántí ipò rẹ̀.

"Mi ò ní máàkì lọ́wọ́," ni Àlàájà wí, "ṣùgbọ́n mo ní etí. Mo ti gbọ́."

Wọ́n ní kó máa lọ, pé wọ́n á pè é kí ọjọ́ náà tó parí. Ẹni méjì ṣì kù tí wọ́n máa rí. Bí Àìṣát ṣe ń jáde, Àlàájà kò wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gba Brixton, Àìṣát ń ṣírò. Ẹni méjì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Bóyá ọgọ́ta. Bí Àlàájà bá jáde, fóònù á bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ẹnu ẹlòmíràn kọ́kọ́ dé etí ìyá ẹni, ìròyìn kọ́ mọ́, ẹ̀sùn ni. Ó tiẹ̀ dá a lójú pé iṣẹ́ ọ̀hún ti bọ́ náà, nítorí máàkì ẹni méjì kì í tó ti ẹni mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ń dúró, ó ń gbéra, obìnrin kan gbé iṣu mẹ́ta wọlé, ó fi wọ́n ti ẹsẹ̀ Àìṣát, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì jẹ wákàtí kan àbọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Inú Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, kún fọ́fọ́. Omi yìnyín ẹja ń ṣàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá Àìṣát kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Igun kan ló háyà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fóònù Gàníyù, níbi tó ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú, tó ń pààrọ̀ síìpù. Kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba iwájú Gàníyù kọjá, Gàníyù kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lófo.

"Purọfẹ́sọ̀ Peckham!" ni ó kígbe. "Kí ló ń lé yín? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yọ pankẹ́rẹ́ sí tíṣà ni?"

"Ẹ ǹ lẹ́, Bọ̀dá Gàníyù. Mọ́mì ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ọ́fíìsì."

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú jalabíà kan tó gbé kọ́ sára ògiri, ó ń yẹ etí rẹ̀ wò. Pín-ìn-nì mẹ́fà tàbí méje ló wà láàárín ètè rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ojú sókè, ó fi ojú béèrè.

Àìṣát rí i pé ìyá òun kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní àfi báyìí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ pín-ìn-nì yẹn ná. Mo lọ ṣe ìntáfíù. Kì í ṣe ní yunifásítì. Iṣẹ́ ilé wíwò ni, àwọn ilé tí ògiri wọn ń bu. Iṣẹ́ gidi ni, kì í parí lóṣù Keje. Mi ò ní wá iṣẹ́ yunifásítì mọ́, yálà wọ́n fún mi níbí tàbí wọn ò fún mi. Ó ti sú mi, Mọ́mì. Mo mọ ohun tí ẹ ti sọ fún àwọn èèyàn. Mo mọ iye ọ́fíìsì tí ẹ gbá kí n tó kàwé. Ẹ má bínú. Àlàájà Àsúmáù wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

Ìyá rẹ̀ kò sáré. Ó ń yọ pín-ìn-nì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ fi ṣófo.

"Oṣù Kẹjọ ńkọ́?" ni ó béèrè. "Ṣé wọ́n máa ń sanwó oṣù Kẹjọ?"

"Wọ́n ń san án, Mọ́mì."

Ìyá rẹ̀ jókòó lé àpótí, ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há. "Alihamudulilahi," ni ó wí.

"Ẹ ò bínú?"

"Kí n bínú sí kí ni? Oṣù Kẹjọ mẹ́ta lo ti wá sùn sórí àga pálọ̀ mi, o ní ìsinmi lo wá lò. Ta ló ń wá lo ìsinmi ní Peckham?"

Àìṣát ṣa pín-ìn-nì kan tó bọ́ sílẹ̀, ó fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ń wò ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "O máa ń fi ọwọ́ bo fóònù rẹ bí ìwé bá ti wọlé. Mo ní bí mo bá ní kí ọmọ yìí fi í sílẹ̀, á ní ìyá òun ti sọ ìrètí nù lórí òun. Ni mo bá ń pè ọ́ ní Purọfẹ́sọ̀, kí o má baà rẹ̀wẹ̀sì."

"Mọ́mì! Èmi náà ò kúrò níbẹ̀ torí kí ojú má baà tì yín!"

Wọ́n wo ara wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ru ẹrù kan, tí ẹnì kìíní ń rò pé ẹnì kejì ló ni ín.

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fẹ́ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ohùn Gàníyù dún níwájú, "Àlàájà, ẹ káàbọ̀ o!" ìbòrí aláwọ̀ ewé sì yọ láàárín àwọn páálí fóònù.

Àlàájà Àsúmáù wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyá Àìṣát, ẹ kú iṣẹ́. Jalabíà mi ni mo wá wò." Ó yíjú. "Háà! Àìṣát! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta! Ojú rẹ rèé! Ṣé dáadáa lo wà?"

Àìṣát kúnlẹ̀, ìbá ṣe pé ó dúró ni, ẹ̀rín ì bá ti gbé e ṣubú. Ìyá rẹ̀ fi eteetí jalabíà bo ẹnu.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Àlàájà," ni ìyá Àìṣát wí, "ọmọ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Gbogbo kí ni? Ilé ni mo wà láti àárọ̀."

"Pẹ̀lú báàgì tí ẹ fi ń ròde?"

"Ìyá Àìṣát, ẹ má dán mi wò. Mo buwọ́ lu ìwé. Ohun tí wọ́n bá sọ níbì kan, bí ibì kan bá wà, àmánà ni. Mi ò lọ síbì kankan, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ṣé jalabíà mi ti parí?"

Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn tí fóònù Àìṣát fi dún. Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Jabez ni. Àlàájà kọ ẹ̀yìn sí wọn lójú ẹsẹ̀, ó dojú kọ ògiri síìpù, ó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń jẹ tẹ̀sùbáà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àìṣát ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Máàkì ẹni méjì ni ẹ kà fún gbogbo wa, ó yé mi." Ó gbé fóònù sí etí kejì. "Ọjọ́ kìíní oṣù Keje? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà á. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì. Gàníyù tó ti rọra sún mọ́ ẹnu ọ̀nà náà dúró, kò dá àpárá.

"Wọ́n gbà mí," ni ó wí. "Kò sí òǹkà oṣù níbẹ̀."

"Allahu Akbar!" Àlàájà yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lọ sókè. "Ẹnu mi ti ṣí! Ìyá Àìṣát, ẹ ò sí níbẹ̀! Ó ní bí omi bá ń gba ìta wọlé, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọbẹ̀ mi ṣẹjọ́ fún! Ọ̀gá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín! Ká sọ pé mo ní máàkì lọ́wọ́ ni..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi báàgì rẹ̀ ṣe Ọ̀gbẹ́ni Jabez, ó ń fi sísọ́ọ̀sì ṣe obìnrin oníkọ̀ǹpútà, Gàníyù sì ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un níbi tó bá gbàgbé.

"Kí la ó wá máa pè é báyìí?" ni Gàníyù béèrè. "Purọfẹ́sọ̀ ti tán."

"Ọ̀mọ̀wé ni," ni ìyá Àìṣát wí. "Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n yíjú láti bi Àìṣát fúnra rẹ̀. Ó ti jókòó sórí òkìtì aṣọ tí àwọn èèyàn kò tíì wá gbà, ó ti fi orí ti ògiri, bàtà ìntáfíù kan ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oorun ti gbé e lọ. Ní aago méjì ọ̀sán, tí àwọn elẹ́ja Rye Lane ń pariwo ẹ̀dínwó, tí fóònù mẹ́ta ń kọrin níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Àlàájà rẹ ohùn sílẹ̀. "Jalabíà mi ńkọ́?"

Ìyá Àìṣát na ẹsẹ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wo ọmọ tó ń sùn, ó tún fà á padà. Ó fa òwú gígùn kan yọ, ó fi itọ́ rin orí rẹ̀, ó tì í bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó gbé jalabíà náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an, ojú rírán kan tẹ̀lé òmíràn, láìyára.